Ẹ Béèrè Owó Tí Wọ́n San Lórúkọ Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gba iwájú ààfin kọjá ní Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀, láràárọ̀, tí ẹ ń lọ wọ mọ́tò kámpọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ìdánwò àti àtijẹ ló gba ọkàn yín. Ṣùgbọ́n owó kan ń wọlé lórúkọ yín tí púpọ̀ nínú yín kò fojú rí, gbèsè sì ni.

Bọ́sárì àti sìkọ́láṣíìpù, ẹ̀bùn ni. Ẹni tó bá gbà á ti gbà á nìyẹn. Owó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ní tirẹ̀, ẹ̀yáwó ni. Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin rẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, wọ́n tún un ṣe, ó sì tún fọwọ́ sí èyí tí à ń lò báyìí lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024. Ti àkọ́kọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá oníduúró, kí owó tó ń wọlé fún ẹbí rẹ̀ má sì ju 500,000 náírà lọ lọ́dún. Wọ́n ti yọ méjèèjì kúrò, owó náà ò sì lélé. Mo dúpẹ́ lórí òfin yìí tọkàntọkàn, nítorí ọmọ tálákà ni ó ń ṣe lóore jù.

Ẹ wá wo bí owó náà ṣe ń rìn. 20,000 náírà tó wà fún oúnjẹ àti ìnáwó oṣooṣù ń bọ́ sínú àkáǹtì yín. Owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀ kì í gba ọwọ́ yín kọjá. Ọ̀dọ̀ ilé-ìwé ni NELFUND ń fi ránṣẹ́ sí tààrà. Síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Tí ẹ bá sìnrú ìlú tán, tí ọdún méjì kọjá, tí ẹ sì ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín ni agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Ọmọ kan kọ̀wé béèrè ẹ̀yáwó, ó dúró títí, owó ò dé. Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ sáré lọ yáwó nínú kòópù, wọ́n san án. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, owó NELFUND wọ àkáǹtì ilé-ìwé fún sáà kan náà. Ilé-ìwé ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹnì kan. Ìyá ń san ti kòópù, ọmọ ń jẹ NELFUND, èyí tó yẹ kí wọ́n dá padà wà níbì kan tí ẹnikẹ́ni ò bá wọn sọ ọ́. Ìtàn lásán kọ́ ni mò ń sọ o. Ní oṣù Kẹrin 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ kígbe síta pé àwọn ilé-ìwé kan ń gba owó yìí láì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, pé àwọn báńkì kan sì wà nídìí ẹ̀. Kò pẹ́ tí ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ẹ lọ wo ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ifẹ̀. Lójoojúmọ́ tí alájọ bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń fa ìlà sínú káàdì, káàdì yẹn ò sì ní kúrò lọ́wọ́ ìyá náà. Bó bá ku ìlà kan, àwọn méjèèjì ni yóò mọ̀. Káàdì yẹn ni kò sí lọ́wọ́ yín.

Àwa tí a ti pẹ́ láyé ti rí i rí bí ètò ẹ̀yáwó ṣe ń bàjẹ́. Ní 1972 ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ní 1993 wọ́n sọ ọ́ di Báńkì Ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó yá a kò san án padà, ètò náà sì kú. Àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn ló jìyà rẹ̀.

Fífi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ní òpin 2022, iléeṣẹ́ tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wọn ṣe àyẹ̀wò ròyìn pé nínú 100 kọ́lẹ́ẹ̀jì, 91 ni kì í kọ iye gidi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa san sínú lẹ́tà ìrànwọ́ owó tí wọ́n ń fún un, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ kó kéré. Àwọn kan a tilẹ̀ kọ gbèsè mọ́ ẹ̀bùn láì pè é ní gbèsè. Láti 2012 ni àbá òfin ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ pé kí lẹ́tà gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì bára mu, kí ẹ̀bùn dá dúró, kí gbèsè dá dúró.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà béèrè lọ́wọ́ aṣojú Ifẹ̀ ní Àbújá: kí ilé-ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí iye tó wọlé wà níbẹ̀, ọjọ́ tó wọlé, ẹni tó san án, bóyá ẹ̀bùn ni tàbí gbèsè, àti iye tó yẹ kí wọ́n dá padà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà. Tí kò bá sí ọjọ́, wọ́n á máa fi dọ́la fọ̀la ni.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín, pé ilé-ìwé lè torí ìbéèrè yìí kórìíra yín. Abéèrè kì í ṣìnà. Láti inú ààfin tó wà ní Ẹnuwá yìí ni Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí ti dá Oduduwa College sílẹ̀ ní 1932, ilẹ̀ Ifẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ yunifásítì tí ẹ ń lọ sí. Ẹ kì í ṣe alágbe níbẹ̀. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má pariwo, ẹ má sì bẹ̀bẹ̀.

Kí òfin tuntun tó dé, òfin FOI ti 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, wà. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni iléeṣẹ́ ìjọba ní láti fèsì, ilé-ìwé ìjọba sì wà lára wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà mátíríìkì yín sínú lẹ́tà, ẹ kọ sáà tí ẹ ń béèrè, ẹ so rìsíìtì tí ìyá yín fi sanwó mọ́ ọn. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì gbogbo rẹ̀, kí ẹni tó gbà á lọ́fíìsì fi òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, torí láti ọjọ́ yẹn ni ẹ ó ti máa ka ọjọ́ méje náà.