Ìsinmi Ìbímọ: Ẹ̀tọ́ Abiyamọ Ni, Kì í Ṣe Àánú Agbanisíṣẹ́

Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ Yorùbá, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni àwọn ènìyàn fi ń kí i. Kíkí yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti mọ̀ pé inú ewu ni abiyamọ ti ń bọ̀, àti pé ẹni tó ti inú ewu bọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi. Àwọn Ìgbò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmụgwọ ni wọ́n ń pe àṣà tiwọn, nínú èyí tí ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ máa ń wá gbé lọ́dọ̀ abiyamọ láti fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, láti se ọbẹ̀ ata fún un, àti láti bá a tọ́jú ìkókó.

Ṣùgbọ́n ní Onitsha, ìlú ọlọ́jà tó wà létí Odò Ọya ní Ìpínlẹ̀ Anambra, ìbéèrè kan wà tí àṣà nìkan kò lè dáhùn: níbo ni owó oúnjẹ yóò ti máa wá nígbà tí abiyamọ bá wà nílé? Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ọmọbìnrin tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ tajà ní Ọjà Ńlá Onitsha, àti ìyá tó ni ìsọ̀ tirẹ̀ ní ọjà Ochanja, gbogbo wọn ni wọ́n ń bímọ. Ohun tí òfin pèsè fún wọn ni kò dọ́gba.

Ìdí tí ìsinmi fi ṣe pàtàkì

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ ni ara obìnrin fi ń padà bọ̀ sípò. Ilé ọmọ ń súnkì, ọgbẹ́ ń jinná, ọmú sì ń kún. Àkókò yìí kan náà ni ẹ̀jẹ̀ lè máa ya, tí àìsàn lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè mú gìrì wá. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe gbani nímọ̀ràn pé kí a yẹ ìyá àti ọmọ wò láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, láàárín wákàtí 48 sí 72, láàárín ọjọ́ 7 sí 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Abiyamọ tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá kì í sábà ráyè lọ fún àyẹ̀wò wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ ọmú tún wà níbẹ̀. Àjọ WHO àti UNICEF sọ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí ẹ̀kọ. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera ìdílé ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 29 péré ni wọ́n ń mu ọmú nìkan. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fa èyí, ṣùgbọ́n ìyá tí iṣẹ́ gbà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè fún un lọ́mú bó ti yẹ.

Ohun tí òfin sọ

Abala 54 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ló sọ̀rọ̀ nípa ìsinmi ìbímọ. Ó kan obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba tàbí fún aládàáni, ní iléeṣẹ́, nídìí òwò tàbí ní oko. Kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá nìkan ló kàn. Ohun tí òfin náà wí nìyí:

1. Bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin bá kọ ìwé ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe kí obìnrin bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi.

2. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 tó tẹ̀lé ìbímọ.

3. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ náà fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdáwọ́ dúró, owó tí a óò san fún un ní àkókò ìsinmi kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀.

4. Bí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ó sì ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, ó ní ẹ̀tọ́ sí ààbọ̀ wákàtí, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, láti fún ọmọ lọ́mú.

5. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó wà ní ìsinmi náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yé ara wa. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Obìnrin tó ń gba iye yìí kò gbọdọ̀ gbà ju bẹ́ẹ̀ kéré lọ: 35,000 náírà lóṣù ní àkókò ìsinmi. Agbanisíṣẹ́ lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè san kéré sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí jù èyí gbà. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba ti ọdún 2008 fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù kíkún, ó sì fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní wákàtí 2 lójúmọ́ lẹ́yìn tó bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2014, Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí oṣù 6 fún àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó wọn bá bímọ.

Ibi tí òfin kù sí

Ibi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwọn obìnrin Onitsha. Èkíní ni àkókò ọmú. Bí ìyá bá ń ṣiṣẹ́ ní àárín ọjà, tí ọmọ sì wà nílé ní Nkpor, tàbí ní Asaba lódìkejì afárá, ààbọ̀ wákàtí kò tó láti lọ kí a sì bọ̀. Bí a kò bá gbé ọmọ wá sí tòsí, ẹ̀tọ́ yìí kò lè ṣe é láǹfààní.

Èkejì ni ẹni tó ń san owó. Ní Nàìjíríà, agbanisíṣẹ́ nìkan ni òfin gbé ẹrù náà lé. Èyí lè mú kí ẹni tó ní òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sá fún gbígba obìnrin síṣẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, ọ̀sẹ̀ 14 ni ìsinmi náà pẹ̀lú owó kíkún. Àpò àjùmọ̀ní tí a fi ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ń san ìdajì, agbanisíṣẹ́ sì ń san ìdajì tó kù. Àdéhùn tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ṣe ní ọdún 2000 náà fara mọ́ irú ètò báyìí, ó sì fi ọ̀sẹ̀ 14 ṣe ìwọ̀n tó kéré jù lọ.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ìyá tó ni ìsọ̀ tirẹ̀ kò ní ọ̀gá, òun fúnra rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ ara rẹ̀. Abala 54 kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá ṣí ìsọ̀, kò sí owó lọ́jọ́ náà. Ìyá tó wá ṣe ọmụgwọ lè gbé ọmọ, ó lè se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lè dípò èrè ọjà.

Ohun tó yẹ kí obìnrin ṣe

Kí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn tètè forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní àsìkò. Kí ó fi lẹ́tà tọrọ ìsinmi, kí ó tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ó sì pa ìwé tó fi ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ hàn mọ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ kan tún wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́.

Ní ti ọlọ́jà, láti ìgbà tí oyún bá ti hàn ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá èsúsú tàbí àjọ tí yóò kó ní oṣù ìbímọ. Kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò jókòó ti ọjà fún ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán. Kí ó tún wọ inú ètò adójútòfò ìlera, èyí tí òfin ọdún 2022 sọ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Anambra kéde ìtọ́jú aboyún àti ìgbẹ̀bí lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Owó tí irú ètò báyìí bá yọ sílẹ̀ lè di owó oúnjẹ ní àkókò ìsinmi.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya abiyamọ lọ́pọ̀lọpọ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, tàbí bí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti bímọ.

Gbogbo ẹni tó bá kí abiyamọ kú ewu ti jẹ́rìí pé ewu wà níbẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tó kí i bẹ́ẹ̀, kí ó fún un ní ìsinmi àti owó tó tọ́ sí i. Ọkọ àti àwọn ará ọjà tó kí i bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bá a dúró ti ìsọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò.