Ẹ Má Tíì Da Oògùn Sómi

Bí awọ pupa bá ti yọ lórí yanrìn táńkì, oògùn ló kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sin iyùn òkun nínú ilé. Mo rọ̀ yín, ẹ dáwọ́ dúró ná. Awọ yẹn kì í ṣe ewéko omi, bó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú. Cyanobacteria ni, ìran bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wá oúnjẹ ara rẹ̀, tó sì ti wà nínú omi ayé fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù 2 ọdún, kí ẹja tàbí iyùn tó dé. Agbára káká lẹ fi lè rí táńkì iyùn tí kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bó ṣe wọlé kọ́ ni ìbéèrè. Ohun tó ń jẹ àti ibi tó rí gbà sinmi ni kí ẹ wádìí. Ẹ sì dá a mọ̀ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ó máa ń ṣí ní abala-abala bí omi bá fẹ́ ẹ, ó sì sábà máa ń nípọn lọ́sàn-án ju òru lọ. Bó bá jẹ́ okùn aláwọ̀ búráùn tó ń fà, ó lè jẹ́ dinoflagellates, ẹ̀dá omi tíntìntín mìíràn, ìtọ́jú tiyẹn sì yàtọ̀. Màíkírósíkóòpù kékeré ni yóò parí iyàn náà.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni èrò pé omi tí nitrate rẹ̀ jẹ́ 0 ni yóò fi ebi pa á. Púpọ̀ nínú ìran rẹ̀ lè mú náítrójìn tí wọ́n nílò látinú atẹ́gùn tó yòrò sínú omi. Ewéko omi tó ń bá a du àyè kò ní irú agbára yẹn. Bí nitrate bá wá tán pátá, tí phosphate díẹ̀ ṣẹ́ kù, àwọn abánidíje rẹ̀ lẹ febi pa, ẹ sì fi ilé sílẹ̀ fún un. Ẹnìkan lè sọ pé, “Phosphate náà kò sí, àyẹ̀wò fi 0 hàn, síbẹ̀ ó ń tàn.” Àyẹ̀wò kò lè rí ju ohun tó yòrò sínú omi lọ. Kò ka èyí tí awọ náà ti gbé mì, kò sì ka èyí tó wà nínú ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù tó há sábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọ́síjìn kì í pọ̀ lóru, tí phosphate tó lẹ̀ mọ́ yanrìn fi ń tú sílẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kí ẹ máa lé 0. Nitrate tó wà láàárín 5 sí 10 mílígíráàmù nínú lítà kan, àti phosphate 0.03 sí 0.1, kò burú rárá. Àwọ̀ iyùn fúnra rẹ̀ máa ń ṣá bí kò bá rí wọn.

Iṣẹ́ gidi ni kí ẹ fi rọ́bà fa awọ náà jáde, kì í ṣe kí ẹ fi ọwọ́ tú u ká. Ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́, nígbà tó nípọn, nítorí gbogbo èyí tó bá jáde ló ń gbé phosphate tó ti jẹ lọ. Ẹ wá ibi tí omi kò ti rìn dáadáa lẹ́yìn òkúta, kí ẹ darí pọ́ǹpù síbẹ̀. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù. Omi bọ́ọ̀hò tí a kò sẹ́ lè máa gbé nitrate àti phosphate wọlé láìfura. Omi tó gba inú RO/DI, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, kọjá ni kí ẹ fi po iyọ̀ òkun, òun náà ni kí ẹ fi dí èyí tó gbẹ. Àwọn tó ń da ṣúgà, fódíkà tàbí ọtí kíkan sómi láti bọ́ bakitéríà, kí wọ́n dá a dúró ná, nítorí wọn kò lè yan èyí tí yóò jẹ ẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní oògùn erythromycin ń pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀, òótọ́ sì ni. Àmọ́ níbo ni òkú rẹ̀ ń lọ? Inú omi kan náà ló ń jẹrà sí. Ó ń fa ọ́síjìn tán nínú omi tó gbóná, tí kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń dá phosphate padà fún èyí tó kù. Oògùn náà tún lè ṣèpalára fún bakitéríà inú òkúta tó ń sọ ammonia di nitrate. Ẹni tó lò ó láìtún táńkì ṣe ń lé eṣinṣin láìkó ààtàn ni. Táńkì tuntun tí a fi òkúta gbígbẹ kọ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: lóṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, awọ yìí wọ́pọ̀ gan-an, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí bakitéríà mìíràn bá ti gba òkúta. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gba oògùn láyè ni ìgbà tí ẹ ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí awọ náà ṣì ń bo iyùn alààyè mọ́lẹ̀. Kódà nígbà náà, ẹ kọ́kọ́ fa èyí tí ọwọ́ bá tó jáde, ẹ ṣírò omi inú táńkì láìka òkúta mọ́ ọn kí oògùn má bàa pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù atẹ́gùn máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kí ẹ sì pààrọ̀ omi lẹ́yìn rẹ̀.