Ǹjẹ́ A Lè Rí Haidírójìn Láìsí Irídíọ́mù?

Bí a bá ki wáyà iná mànàmáná méjì bọ inú omi, omi náà yóò pín sí afẹ́fẹ́ méjì: haidírójìn ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ́síjìn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láti ọdún 1800 ni Nicholson àti Carlisle ti ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí iná náà bá ti ara oòrùn tàbí atẹ́gùn wá, kò sí èéfín nínú iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń lépa rẹ̀ báyìí, láti fi yọ irin lára òkúta àti láti fi ṣe ajílẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín, ásíìdì sì ni ó wà nínú awọ náà. Ní ẹ̀gbẹ́ tí ọ́síjìn ti ń jáde, ásíìdì àti agbára iná a pawọ́ pọ̀ jẹ irin run. Níkẹ́ẹ̀lì kò lè dúró níbẹ̀. Irin lásán kò tilẹ̀ yẹ ní dídárúkọ. Irídíọ́mù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà tí ó sì ń pẹ́. Plátínọ́mù ni a ń lò ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n ìṣòro tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni irídíọ́mù ti pọ̀ tó? Gbogbo èyí tí ayé ń wa jáde lọ́dún kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 7 sí 8 lọ, Gúúsù Áfíríkà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wá. A kì í dìídì wa á. Ara plátínọ́mù ni a ti ń rí i. Nítorí náà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ gun òkè, awakùsà kò ní torí rẹ̀ gbẹ́ ihò tuntun. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ gígáwáàtì kan a máa gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 400. Bí a bá kó ti ọdún kan jọ pátá, tí àwọn tí ń ṣe púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ kò rí ẹyọ kan gbà, kò ní ṣe ju nǹkan bíi gígáwáàtì 20 lọ.

Àwọn kan ní kí a máa tẹ́ irídíọ́mù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a sì máa yọ ọ́ lára ẹ̀rọ tí ó ti gbó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní dandan ni kí á lo ásíìdì? Bí a bá fi pọ́táàṣì líle sínú omi, èyí tí í ṣe ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, níkẹ́ẹ̀lì yóò pẹ́ nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tuntun rárá. Kí ọdún 1930 tó dé ni Norsk Hydro ti ń fi agbára omi tí ń takìtì láti orí òkè ṣe haidírójìn fún ajílẹ̀ ní Rjukan, ní Nọ́wè, láìlo irídíọ́mù.

Kí ló dé tí gbogbo ayé kò padà sí i? Omi òkè ń dà tọ̀sán-tòru. Oòrùn a máa wọ̀, atẹ́gùn a sì máa rọlẹ̀. Bí iná bá kéré nínú ẹ̀rọ oní-pọ́táàṣì, haidírójìn tí ó jò kọjá sọ́dọ̀ ọ́síjìn a máa pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá fi lé ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè bú gbàmù.

Awọ mìíràn ti wà báyìí tí kò ní ásíìdì nínú, tí ó ṣe fẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, tí níkẹ́ẹ̀lì sì lè bá gbé. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń tètè gbó, pàápàá nínú ooru. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí owó ìwádìí pọ̀ sí, títí awọ náà yóò fi lè lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́.