Èdè Tí A Gbọ́ Nílé, Èdè Tí A Jókòó Kọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá ń sọ èdè kan nílé ti mọ èdè náà tán. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà rò ní 1941, nígbà tí ogun pẹ̀lú Jàpáànì ń rú bọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò ka ìwé ọ̀tá, tí yóò sì fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́wọ̀n ogun lẹ́nu wò. Wọ́n yíjú sí àwọn ọmọ Jàpáànì tí a bí sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti wà nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n dán bíi 3,700 wò. Nínú ẹni mẹ́wàá, agbára káká ni wọ́n fi rí ẹnì kan tó lè wúlò.

Kí ló fà á? Èdè tí a fi ń tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá ẹni kò tó láti ka àṣẹ ológun. Jàpáànì kò ní ábídí bíi tiwa. Àmì ìkọ̀wé wọn pọ̀ lọ bíi ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1941, ilé ẹ̀kọ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco, nínú ilé ọkọ̀ òfurufú tí a ti pa tì, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 60. Agbẹjọ́rò John Aiso ni olórí olùkọ́. Oṣù mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà. Bí wọ́n bá ti pa iná lálẹ́, àwọn kan a lọ máa kàwé nínú ilé ìyàgbẹ́, níbi tí iná wà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù kejì 1942, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ tí wọ́n fi kó bíi 120,000 ènìyàn tí í ṣe ẹ̀yà Jàpáànì sí àgọ́ tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Wọn kò gbé wọn dé ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó kó wọn. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣí lọ sí Minnesota. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ́ èdè fún ìjọba tó ti òbí wọn mọ́lé. Síbẹ̀, bíi 6,000 ló jáde níbẹ̀. Ní Okinawa ní 1945, àwọn kan nínú wọn fi èdè náà pe àwọn tó sá sínú ihò àpáta jáde, ẹ̀mí wọn sì yọ. Ní 1988, ìjọba Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ àgọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ méjì la rí kọ́:
1. Ohun tí a bá lẹ́nu òbí, a ṣì ní láti jókòó kọ́ ọ.
2. Ẹni tó fi ẹ̀yà da ènìyàn lẹ́bi lè máa ti ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ mọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: èdè ìyá wa tí a ń sọ lójoojúmọ́, ṣé a lè kọ ojú ìwé kan péré nínú rẹ̀ láìṣìṣe?