Oògùn àti abẹ́rẹ́ tí omíyalé bá kàn

Ẹ̀yin ará wa ní Ìtamága, a rí i pé àwọn kan ń sá oògùn sóòrùn bí ẹni ń sá èlùbọ́. A mọ ìdí rẹ̀: oògùn wọ́n, owó sì ti bá omi lọ. Ṣùgbọ́n omi náà gba inú ṣáláńgá àti gọ́tà kọjá kó tó wọlé. Oòrùn lè gbẹ omi, kò lè mú ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò. Oògùn olómi, oògùn ojú, àti hóró tó ti rọ̀ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí, ẹ má lò ó mọ́.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí wárápá yàtọ̀ díẹ̀. Bí ìdérí ìgò rẹ̀ bá le, tí hóró inú rẹ̀ sì gbẹ dáadáa, ẹ nu ìgò náà, kí ẹ máa lò ó títí ẹ ó fi rí òmíràn gbà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Kí ẹ tó sọ oògùn kankan nù, ẹ fi fóònù ya páálí rẹ̀. Orúkọ oògùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìwòsàn.

Àwọn kan ń sọ pé, “Ó ṣáà ní nọ́ńbà NAFDAC.” Ní 1990, pàrásítámọ́ọ̀lù olómi tó ní májèlé pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jos; ní 1993 ni ìjọba dá NAFDAC sílẹ̀. Síbẹ̀, láàárín 2008 sí 2009, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin tún pa ọmọ tó lé ní 80. Nọ́ńbà yẹn dára, ẹ máa wò ó bí ẹ bá ń rà, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oògùn nínú ilé yín.

Ẹ má gbé páálí sórí ààtàn bó ṣe wà, kó má baà tún dé orí àtẹ ẹnì kan. Ẹ tú hóró jáde, ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tútù, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ọkọ̀ ìdọ̀tí kó o. Ẹ ya páálí wẹ́wẹ́. Ẹ má dà á sí kànga, ẹ má sun ún.

Abẹ́rẹ́ ló ń bà wá lẹ́rù jù, pàápàá fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú ẹrẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó nípọn bí ẹ bá ń kó ilé. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú abẹ́rẹ́, ẹ má sì gbìyànjú láti dé e padà. Ike hypo tó ti ṣófo ni kí ẹ kó o sí. Ike omi mímu fẹ́lẹ́ jù. Bó bá kù díẹ̀ kó kún, ẹ dé e pinpin, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe sínú ìdọ̀tí.

Bó bá gún ẹnikẹ́ni, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Ìkòròdú. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í wúlò mọ́ bí wákàtí 72 bá ti kọjá, nítorí náà, bó bá gún yín ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má dúró de Mọ́ńdè.