Àyẹ̀wò Àbá nípa Ìpín-àkókò Aṣèṣirò Àfarawé

Aṣèṣirò ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ń mú àṣẹ ṣẹ. Olùdarí-ẹ̀rọ ni ètò tí ń pín kọ̀ǹpútà kan sí púpọ̀, bí ẹni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Irú rẹ̀ ni Xen, tí ó ti Yunifásítì Cambridge jáde ní 2003, àti KVM, tí ó wọ inú Linux ní 2007. Olúkúlùkù ìpín ní aṣèṣirò àfarawé tirẹ̀. Nígbà tí aṣèṣirò gidi kò bá tó wọn, ìpín-àkókò di dandan.

Ẹni tí ń kọ ètò a máa gbà láìsọ pé aṣèṣirò kì í ṣíwọ́. Àbá yìí lè ṣìnà. Ká ní aláró kan ní Ìtokú, ní Abẹ́òkúta, ní ìkòkò aró méjì àti ọmọ-iṣẹ́ mẹ́rin. Òun ni ó ń pè wọ́n sídìí ìkòkò. Ẹni tí kò kàn gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá di kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ mú, tí a sì ní kí ó dìde, èyí tí ó gba ipò rẹ̀ yóò máa retí kọ́kọ́rọ́ náà lásán.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àgádágodo inú ètò rí. Ó yẹ kí a tú u sílẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n nínú credit, olùpín-àkókò tí Xen lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpín kan tó mílísẹ́kọ́ǹdì 30. Àwọn tí ń dúró lè fi odindi ìpín tiwọn ṣòfò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè fi yẹ àbá wò:

(i) Kí a kọ ọ́ sínú ètò bí ìbéèrè tí yóò dá iṣẹ́ dúró bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú KVM, Linux lè gbé aṣèṣirò àfarawé láti orí aṣèṣirò gidi kan sórí òmíràn. Nítorí náà, kí ètò tó fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ aṣèṣirò gidi kan, kí ó bèèrè bóyá orí rẹ̀ ni ó ṣì wà.

(ii) Kí a ka àkókò-àjígbé, nọ́ńbà kẹjọ lórí ìlà cpu nínú /proc/stat ti Linux.

(iii) Kí a mọ̀ọ́mọ̀ fi aṣèṣirò àfarawé méjì sórí gidi kan, kí a sì tún ètò náà dán wò. Èyí tí ó yege nígbà tí àyè gbà á kò tíì yege.

“Àjígbé” bá a mu ju “àdánù” lọ. Ẹni tí a jí ní nǹkan kì í sábà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Aṣèṣirò àfarawé náà kì í mọ ìgbà tí a dá a dúró, àfi bí olùdarí-ẹ̀rọ bá sọ fún un lẹ́yìn náà.