Òfin Ẹgbẹ́ Onílé Lójú Ẹ̀sìn Ìsìláàmù

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Allāhu, Ọba tí ó fi wá ṣe aládùúgbò ara wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ní āyah kìíní Súratul-Máídah, Allāhu pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n mú àdéhùn wọn ṣẹ. Kì í ṣe àdéhùn òwò tàbí ti ìgbéyàwó nìkan. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ ní àdúgbò tí ó ní ẹgbẹ́ onílé, tí wọ́n ka òfin fún un, tí ó sì fọwọ́ sí i, àdéhùn ni ó ṣe. Ayálégbé tí wọ́n ṣàlàyé fún kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ ṣe àdéhùn kan náà. Owó ọlọ́dẹ oṣooṣù, aago tí a ń ti géètì lóru, kíkó ìdọ̀tí gọ́tà iwájú ilé: gbèsè ọrùn ni gbogbo rẹ̀.

À ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú wa pé, "Allāhu ni ọlọ́dẹ mi, èmi kò ní san owó kankan." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún ẹni tí ó bi í léèrè nípa ràkúnmí rẹ̀ pé kí ó so ó ná, kí ó sì gbára lé Allāhu. Tirmidhī ni ó gbà á wá. Ẹni tí kò san yìí, ẹ̀yìn géètì tí àwọn ẹlòmíràn ń sanwó rẹ̀ ni ó ń sùn. Opó tí ń ta àkàrà, tí ó sì ń san tirẹ̀, ni ó ń bá a ṣọ́ ilé. Jíjẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ni èyí, kì í ṣe ìgbáralé Ọlọ́hun.

Àdéhùn ní ààlà. Ànábì fi yé wa pé kí Mùsùlùmí dúró ti májẹ̀mú rẹ̀, ó sì yọ èyí tí ó bá sọ hàláálì di hàráámù sílẹ̀. Ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, ní 1911, àwọn onílé òpópónà kan fọwọ́ sí i pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Ìdílé Shelley, tí í ṣe aláwọ̀ dúdú, ra ilé níbẹ̀ ní 1945, wọ́n sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1948 ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dájọ́ pé kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè fi ipá mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ìwé wà, ìfọwọ́sí wà, síbẹ̀ àbòsí ni.

Ẹ̀yin alága àti akápò ẹgbẹ́ tí ẹ wà láàrin wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí aboyún tí ń rọbí bá géètì ní títì lóru, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti pa fóònù rẹ̀. Ẹ máa ka ìṣirò owó tíráńsífọ́mà fún ará àdúgbò. Ẹni tí kò sì ní lọ́wọ́, kí ẹ tó gé iná rẹ̀, ẹ wo āyah 280 nínú Súratul-Baqarah, níbi tí Allāhu ti ní kí a dúró de onígbèsè tí ara ń ni. Ẹni tí òfin kan bá ni lára, ìpàdé ni kí ó wá, kí ó má fọ́ àgádágodo.

Ó ku ọ̀kan, tiwa nínú mọ́sálásí yìí ni. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ wa ń dí ẹnu géètì àwọn ará òpópónà yìí, aláìsàn sì lè wà nínú ilé. Ànábì ka mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Àwa ni a ń gbé ìnira síbẹ̀, pẹ̀lú àlùwàlá lára. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ lónìí, bí a bá ti ṣe sàlámà, òun ni kí ó kọ́kọ́ jáde.